Ẹ Bá Mi Kí Fèrèsé

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ nínú oṣù kọ̀ọ̀kan, bí oòrùn bá ti yẹ̀ díẹ̀ kúrò lórí páànù, Ìyá Ṣẹ̀rífù á ré àgbàlá kọjá láti ilé tirẹ̀, á ká etí ìró rẹ̀ sókè kó má bàa wọ́ erùpẹ̀, á sì dúró lẹ́nu ọ̀nà Láídé. Kì í kan ilẹ̀kùn. Á kí bí àwọn àgbà Rẹ́mọ ṣe ń kí, láìfi ti Èkó lú u rárá: "Wẹẹ́ kú ulé o, Ìyá Níyì!" Láídé á dáhùn, á nu tábìlì tí kò dọ̀tí, á fa bébà àti bírò yọ, á wá jókòó bí ẹni tó ń dúró kí wọ́n wá fa eyín òun.

Lẹ́tà ni wọ́n ń kọ. Ọdún kẹfà rèé tí wọ́n ti ń kọ ọ́. Ṣẹ̀rífù, ọmọ kan ṣoṣo tí obìnrin yìí, Kareemat, bí, wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n kan lókè Ọya, ibi tí wọ́n gbé e lọ nígbà tí èyí tó wà nítòsí kún débi pé àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń gba oorun sùn lọ́wọ́ ara wọn. Kareemat kò mọ̀wé, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú kò sì lè gba ìrìn-àjò ọjọ́ méjì. Láídé ní tirẹ̀ ti fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ níwèé nílé ẹ̀kọ́ ìjọ Áńgílíkà. Títí dòní tó ti pé ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, Tíṣà ni ìdajì Ìjòkú, àdúgbò wọn, ṣì ń pè é. Òun ló kọ́ Ṣẹ̀rífù fúnra rẹ̀ ní a, b, d. Ta ni ì bá tún kọ lẹ́tà náà bí kò ṣe òun?

Bí wọ́n bá kọ ọ́ tán, Kareemat á mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń di obì sínú ọkọ̀. Ó ti ṣòwò obì níbẹ̀ láti ìgbà ọmọge, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Àlíyù, awakọ̀ tírélà tó ń kó obì lọ sókè Ọya lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, á ti lẹ́tà náà bọ àárín ewé tí wọ́n fi tẹ́ agbọ̀n. Bó bá débẹ̀, á fà á lé wọ́dà lọ́wọ́ lẹ́nu géètì. Ọ̀nà kan náà ni èsì ń gbà bọ̀, bébà á ti rọ̀, á sì máa rùn bí obì tútù. Òfin ọgbà náà ni pé ojú ewé kan péré, wọ́dà á sì kọ́kọ́ kà á kó tó dé ọwọ́ ẹlẹ́wọ̀n.

Ohun tí Kareemat máa ń ní kó kọ kò le rárá. Ewúrẹ́ bí méjì. Òjò ṣí páànù ilé ìdáná, wọ́n ti kàn án padà. Mo gba ààwẹ̀ tán, ara mi kò sọ nǹkan kan. Ojúọlá aránṣọ ní kí n kí ọ. Ojúọlá yìí ló ni ilé kẹta nínú àgbàlá náà. Ilé mẹ́ta ni wọ́n, wọ́n kọjú síra wọn, gbogbo wọn ló ní fèrèsé tó wo àárín àgbàlá.

Èsì Ṣẹ̀rífù náà kò le. Màmá mi, mo gba lẹ́tà yín. Ẹ ṣọ́ra fún iyọ̀. Mo ń kọ́ àwọn kan níbí bí wọ́n ṣe ń hun agbọ̀n. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì fì sápá ọ̀tún, bí ti Láídé gẹ́lẹ́. Bí Tíṣà bá ṣí lẹ́tà náà, á dà bíi pé òun fúnra òun ni òun kọ̀wé sí ara òun láti ẹ̀wọ̀n. Ní ìsàlẹ̀ pátá, láti lẹ́tà kẹta tí wọ́n ti gbà, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í yẹ̀: "Ẹ bá mi kí Màmá Tíṣà. Ẹ bá mi kí fèrèsé."

Ọjọ́ tí Láídé kọ́kọ́ kà á, ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ ohun tó ń kà. Ó wo Kareemat, Kareemat ń wo ilẹ̀.

"Ọmọ yìí éè gbàgbé ulé," ni Kareemat wí, ó sì tọ́ gèlè rẹ̀ ṣe.

Láídé fo ọ̀rọ̀ náà nínú lẹ́tà tó tẹ̀lé e. Ó kà á títí dé "Màmá Tíṣà," ó ká bébà. Kareemat kò dìde. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń fi ọwọ́ pa eékún rẹ̀, ó wá béèrè jẹ́jẹ́ pé, "Kò wá kí fèrèsé lóṣù yìí?" Òtútù mú Láídé nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Láti ọjọ́ náà kò fo ó mọ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí, torí ẹ̀yin tí ẹ kò sí níbẹ̀ lè máa rò pé obìnrin yìí kàn ń fòyà lásán ni.

Ọjọ́ Orò ni. Orò ọ̀sán tí wọ́n ń ṣe ládùúgbò náà kì í pẹ́, láti ìgbà tí oòrùn bá dé àtàrí títí di àṣálẹ́ ni. Ṣùgbọ́n obìnrin kì í jáde, kì í yọjú, kì í ṣí fèrèsé. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ pé bí obìnrin bá fojú kan Orò, Orò á gbé e. Mùsùlùmí inú wọn gbọ́ ọ, onígbàgbọ́ inú wọn gbọ́ ọ, olúkúlùkù sì ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ gbọin-gbọin. Ọkọ Láídé, Bánkọ́lé Ṣóbọ̀wálé, jẹ́ àgbà ìjọ. Ó tún joyè ìlú. Lọ́jọ́ Ìsinmi á gbé àwo ọrẹ kiri nínú ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́jọ́ Orò á bá àwọn àgbà jáde, kò sì sí ẹni tó rí àléébù kankan nínú rẹ̀. Rẹ́mọ ni wọ́n, wọ́n mọ bí a ṣe ń fi ọwọ́ méjèèjì jẹun láìta epo sí aṣọ.

Ooru mú lọ́jọ́ náà. Láídé wà nínú yàrá, rédíò kékeré ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó rora ṣí fèrèsé, bí ìbú ìka kan. Afẹ́fẹ́ ni mò ń wá, ló sọ fún ara rẹ̀. Irọ́ ni. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí ojú ti ń yún un láti mọ bí ìta ṣe máa ń rí lọ́jọ́ tí kò sí obìnrin kankan níbẹ̀.

Ìta rí bí ìta. Kò rí Orò, kò rí àgbà kankan. Ṣẹ̀rífù ló rí, ó jókòó lórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé lábẹ́ òjìji ògiri, ó ń la pànkẹ́rẹ́ tó fẹ́ fi hun agbọ̀n obì. Ọ̀bẹ ń dún ṣàà, ṣàà lára igi. Rédíò ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìròyìn aago méjì tán ni. Ìgbà tó ṣe, ọ̀bẹ yọ̀, ó gé ọmọkùnrin náà ní àtàǹpàkò òsì. Ó fi ìka sẹ́nu, ó mi orí, ó fa etí ẹ̀wù rẹ̀ ya, ó fi di ojú ọgbẹ́. Díẹ̀ ló kù kí Láídé ké sí i pé kó fi omi iyọ̀ sí i, bó ṣe máa ń ké sí àwọn ọmọ ilé ìwé. Ó di ẹnu ara rẹ̀ mú. Ó ń wò ó títí tí rédíò fi ka ìròyìn aago mẹ́rin, ọmọkùnrin náà kò dìde níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà kan ó gbé ojú sókè, ó wo ọ̀kánkán fèrèsé, ó tún padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Láídé kò mọ̀ bóyá ó rí òun tàbí kò rí òun. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kó sinmi láti ọjọ́ náà wá.

Láàárín aago méjì sí mẹ́rin yẹn kan náà, ẹnì kan wọ ilé ìpamọ́ obì kan lọ́jà, ó fi irin lu ọlọ́dẹ ibẹ̀ lórí, ọkùnrin náà sì kú. Ibẹ̀ ni Ṣẹ̀rífù ti ń ṣiṣẹ́. Fìlà rẹ̀ wà lórí ìṣó níbẹ̀, níbi tó máa ń fi í kọ́ sí lójoojúmọ́. Wọ́n wá mú un, wọ́n bá ọgbẹ́ tútù lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní òun àti ọlọ́dẹ ló jọ wọ̀yá ìjà. Ó ní àgbàlá ilé lòun wà. Wọ́n ní ta ló rí i? Ó dákẹ́. Àwọn ọkùnrin àgbàlá ti bá Orò lọ, àwọn obìnrin ló kù nílé.

Ọlọ́pàá wá. Wọ́n kọ́kọ́ yà nílé Kareemat, wọ́n wá sí ti Láídé, wọ́n parí rẹ̀ sí ti Ojúọlá. Láídé dúró lẹ́nu ọ̀nà, Bánkọ́lé dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́ bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń mí.

"Màmá, ṣé ẹ rí ọmọkùnrin yìí nínú àgbàlá lọ́jọ́ náà?"

"Ọjọ́ Orò ni," ni Láídé wí. "Inú ilé ni mo wà. Mi ò rí nǹkan kan."

Ó fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí, ọwọ́ ìkọ̀wé tíṣà, ó mọ́ roboto. Gbogbo obìnrin àgbàlá ló sọ bẹ́ẹ̀, ìyá tó bí i pàápàá. Kí ni wọn ì bá sọ? Kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú bá rí ni ẹnu ń sọ. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi tọ́ wọn nìyẹn. Adájọ́ ní kó lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bánkọ́lé ló mú ìròyìn náà wálé, ó fọ ọwọ́, ó jókòó ti oúnjẹ. "Mi ò rò ó sí ọmọ yẹn," ló wí, ó bu òkèlè. Orí yéye ní Mògún, ìpín àìṣẹ̀ ló pọ̀ jù.

Oṣù kan lẹ́yìn ìdájọ́ ni Kareemat kọ́kọ́ ré àgbàlá kọjá, tòun ti bébà àti bírò tó fi owó ara rẹ̀ rà. Láídé fẹ́ sọ pé ojú ń dun òun. Ó fẹ́ sọ pé àwọn ọmọ kéékèèké pọ̀ ládùúgbò tí wọ́n mọ̀wé. Kareemat ti jókòó. Ó yan àga tó kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé yẹn gan-an, bẹ́ẹ̀ ni àga mẹ́ta mìíràn wà nílé. Láti ọjọ́ náà ni Láídé kò ti lè fi "ìwọ" bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ọdún mẹ́jọ ló fi ju Kareemat lọ, "ẹ" ló ń pè é. Àwọn ará ilé rò pé ìwà pẹ̀lẹ́ ni. Ẹ̀rù ni.

Ìró náà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún kejì. Bí ọ̀sán bá ti pọ́n, tí àgbàlá bá dákẹ́, Láídé á gbọ́ ọ lẹ́yìn ògiri: ṣàà, ṣàà, ṣàà. Ọ̀bẹ lára pànkẹ́rẹ́. Á dìde, á jáde, á yí ilé po. Adìyẹ ni, tàbí aṣọ tó ń fẹ́ lórí okùn. Á padà wọlé, á jókòó, ìró náà á tún bẹ̀rẹ̀ níbi tó dúró sí. Ó gbàdúrà sí i, ó kọ orin ìjọ sí i. Ó pe káfíńtà pé kó wá kan fèrèsé náà pa, ó ní ẹ̀fọn ń wọlé. Ìṣó mẹ́fà. Ìró náà kò bìkítà fún ìṣó. Níyì, ọmọ rẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, mú un lọ sọ́dọ̀ kó lọ sinmi. Ọjọ́ kẹrin ló gbọ́ ọ níbẹ̀, lórí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì, níbi tí kò sí àgbàlá, tí kò sí pànkẹ́rẹ́. Ó ní kí wọ́n dá òun padà sílé kíákíá.

Bánkọ́lé kú lọ́dún kẹta. Láídé ti rò pé bí ọkọ òun bá kúrò láyé, ẹnu òun á yà. Oyè ọkọ ló di òun lẹ́nu, ṣebí oyè ti bá ọkọ lọ sí sàréè. Ṣùgbọ́n ẹnu kò yà. Ìtìjú ọdún kìíní kéré, ì bá ṣe é gbé mì. Ti ọdún kẹta ti sanra. Wọ́n á bi í pé, Tíṣà, níbo lẹ wà láti ọjọ́ yìí wá? Gbogbo oṣù tó bá fi dákẹ́ ń mú kí ti oṣù tó ń bọ̀ le sí i. Lẹ́ẹ̀mejì ló kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Kareemat: Ṣẹ̀rífù, ṣé o rí mi? Lẹ́ẹ̀mejì ló fà á ya, torí pé wọ́dà máa kà á, tàbí torí pé Ṣẹ̀rífù máa dáhùn. Èyí tó bà á lẹ́rù jù nínú méjèèjì, òun náà kò mọ̀ ọ́n.

Ní ọdún yìí, lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́, lọ́yà kan wá. Tómilọ́lá lorúkọ rẹ̀, ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ọ̀kan nínú àwọn lọ́yà tó ń gbèjà àwọn tí kò lẹ́nìkan. Ó ti lọ rí Ṣẹ̀rífù. Ó kó àwọn ìyá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ sábẹ́ òjìji ògiri, ó kúnlẹ̀ kí wọn lórí erùpẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò dúdú rẹ̀.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn máa gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kejìlá oṣù tó ń bọ̀. Kò tún ní sí òmíràn lẹ́yìn ìyẹn. Ẹnì kan ṣoṣo ni mò ń wá tó rí i níbí lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ẹnì kan péré. Ara rẹ̀ kò yá, màmá. Bí wọ́n bá dá a padà síbẹ̀, mi ò rò pé ó máa lo ọdún mẹ́sàn-án tó kù."

Adìyẹ kan kọjá láàárín wọn. Ojúọlá tó so tépù ìwọ̀nṣọ mọ́ ọrùn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ọjọ́ Orò ni, inú ilé lòun wà. Kareemat ní inú ilé lòun náà wà. Ọmọbìnrin náà wá kọjú sí Láídé. Láídé la ẹnu. Ó mọ̀ pé bó bá ti la ẹnu yẹn, òótọ́ ló máa jáde, ó dá a lójú bí ẹni pé ó ti rí i lórí ahọ́n rẹ̀.

"Inú ilé ni mo wà," ló wí. "Mi ò rí nǹkan kan."

Ó wọlé lọ, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ náà ni Kareemat wá, kì í sì í ṣe ọjọ́ rẹ̀. Kò kí kí ó tó wọlé. Àlíyù ti dé, ó mú lẹ́tà wá. Láídé ṣí i, ó rí i pé kì í ṣe ọwọ́ ìkọ̀wé tí òun mọ̀. Lẹ́tà ràgàjì-ràgàjì ni, ti ẹni tí kò fi bẹ́ẹ̀ lọ sílé ìwé.

"Màmá mi," ló kà, "ẹlòmíràn ló ń bá mi kọ èyí. Ikọ́ kò jẹ́ kí ọwọ́ mi dúró. Lọ́yà tó wá rí mi ní òun kò tíì rí ẹlẹ́rìí. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín jù. Obì tí ẹ fi ránṣẹ́ dé, a pín in jẹ. Ẹ bá mi kí Màmá Tíṣà. Ẹ bá mi kí fèrèsé. Ẹ sọ fún un pé inú ti bí mi sí i tẹ́lẹ̀. Inú kò bí mi sí i mọ́."

Láídé kà á dé òpin. Bí ohùn rẹ̀ ṣe dúró, òun náà kò mọ̀. Kareemat jókòó sórí àga rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé tí wọ́n kàn pa.

"Ẹ mú bírò," ló wí. "Ẹ kọ ọ́ pé mo gbọ́. Ẹ kọ ọ́ pé kó máa mu omi gbígbóná." Ó fi ọwọ́ pa eékún rẹ̀. "Ẹ kọ ọ́ pé fèrèsé kí i."

Bírò dúró. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti ń gba ìkíni náà, kò sẹ́ni tó dá a padà rí. Láídé wo Kareemat, ó rí i lójú rẹ̀ pé ó mọ̀. Ó ti mọ̀ tipẹ́tipẹ́, ó ń jókòó sórí àga yẹn lóṣooṣù, ó ń dúró de òun bí ẹni tó ń dúró de kí iṣu jinná. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa lé e bá. Tirẹ̀ bá a sídìí tábìlì.

"Ta ló sọ fún yín?" ló béèrè, ohùn rẹ̀ kò jọ tirẹ̀ mọ́.

"Sọ kí ni fún mi?"

"Ìyá Ṣẹ̀rífù, ẹ má fi mí ṣeré mọ́. Mo ṣí i. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ṣí fèrèsé yìí lọ́jọ́ náà. Mo rí i láti aago méjì títí di mẹ́rin, orí odó ló jókòó sí, kò ré kọjá ibẹ̀. Mo rí i nígbà tí ọ̀bẹ gé e lọ́wọ́. Àtàǹpàkò tí wọ́n fi rán an lẹ́wọ̀n, ojú mi ló ṣe. Mo rí i, mo ní mi ò rí i. Mo tún sọ bẹ́ẹ̀ fún lọ́yà lọ́jọ́ Ajé." Ó ń sunkún, kò sì mọ̀ pé òun ń sunkún. "Èmi ni fèrèsé tó ń kí."

Kareemat kò ké. Kò fò sí i lọ́rùn bí Láídé ṣe ti rò ó lálàá láìmọye ìgbà. Ó yí ọrùn díẹ̀díẹ̀, ó wo ìṣó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lára igi fèrèsé lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ rí bí ojú ẹni tó ṣìnà dé ilé ara rẹ̀.

"Fèrèsé tiyín?" ló wí.

"Fèrèsé tèmi."

"Mo ti rò pé tèmi ló ń kí."

Láídé gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, kò sì yé e, ó tún yé e, ó di tábìlì mú.

"Èmi náà ṣí tèmi," ni Kareemat wí. "Mi ò mọ ohun tí ẹ̀yin ń wá, ọmọ mi lèmi ń wò. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti jẹun. Mo rí i bí ẹ ṣe rí i. Nígbà tó gé ara rẹ̀ lọ́wọ́, mo fọwọ́ lu àyà. Ó gbé ojú sókè, mo ní ó rí mi." Ó nu imú rẹ̀ sí etí ìró. "Wọ́n ní obìnrin tó bá yọjú, Orò á gbé e. Bí wọ́n bá gbé èmi, ó burú dé ibo? Ṣùgbọ́n ìyá mi ní kì í gbé ìyá, ọmọ ló ń gbé. Mo rò ó, Ìyá Níyì. Mo rò ó títí orí mi fẹ́ bẹ́. Bí mo bá ní mo rí i, ikú á pa á. Bí mo bá ní mi ò rí i, ẹ̀wọ̀n ni. Mo ní kàkà kó kú, kó lọ ṣẹ̀wọ̀n. Ẹlẹ́wọ̀n ń padà wálé."

"Àmọ́ lóṣooṣù lẹ wá síbí."

"Mo mọ̀ pé yàrá yín wo àgbàlá. Mo ní bóyá ẹ yọjú. Tíṣà ni yín, onígbàgbọ́ ni yín, mo ní Orò kò lè fi bẹ́ẹ̀ rí ti onígbàgbọ́ rò. Mo ní bó bá jẹ́ ẹnu yín ló ti jáde, kò ní kan ọmọ mi. Mo kàn ń jókòó síbí. Mo ń dúró." Ó rẹ́rìn-ín kékeré kan tó burú ju ẹkún lọ. "Lọ́dún kejì, Ojúọlá wá bá mi lóru, ó ní òun náà wò, òun fẹ́ lọ sọ. Èmi ni mo dá a dúró. Mo ní kó fi ọmọ mi sílẹ̀ fún mi láàyè."

Ojú mẹ́ta. Ojú mẹ́ta gbáko ló wà lára ọmọkùnrin náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, kò sí ìgbà kan tó dá wà nínú àgbàlá náà, òun sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dákẹ́ níwájú adájọ́, kò dárúkọ obìnrin kankan, torí pé ọmọ Ìjòkú ni, ó mọ ohun tí wọ́n máa fi ojú obìnrin tó yọjú rí. Ó dúró kí àwọn fúnra wọn sọ ọ́. Láídé gbìyànjú láti ronú nípa irú inú tó máa ń bí ènìyàn bẹ́ẹ̀, àti iye ọdún tó gbà á kó tó tán. Kò lè rò ó dé òpin.

Inú wá bí Kareemat nígbà náà. Ó fi ọwọ́ lu tábìlì tí bírò fi ta sílẹ̀. "Ọdún mẹ́fà! Ẹ ń bá mi kọ ewúrẹ́ bímọ, ewúrẹ́ bímọ! Ẹ jókòó níbí, ẹ mọ̀!" Ìbínú náà kò lọ jìnnà, ó yí padà lójú ọ̀nà, ó bá ẹni tó rán an. Kareemat fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Wọ́n sunkún pọ̀ níbẹ̀, olúkúlùkù ní àga tirẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹnì kejì.

Nígbà tó rọlẹ̀, Láídé tẹ̀ba, ó mú bírò nílẹ̀. Ó ní òun máa pe Tómilọ́lá lórí fóònù báyìí, nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ òun. Ó ní àwọn àgbà ìlú máa pè wọ́n sẹ́jọ́.

"Kí wọ́n pè wá," ni Kareemat wí. "Bí nǹkan kan bá máa gbé e, ikọ́ ti ń gbé e lọ. Kí ni mo tún ń pamọ́?"

"Lọ́yà máa fẹ́ ká kọ ọ́ sílẹ̀, ká to orúkọ wa síbẹ̀. Màá fi tèmi ṣáájú, ti Ojúọlá á tẹ̀lé e. Adájọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ ka ọ̀rọ̀ ìyá sí. Wọ́n á ní ìyá kò ní ṣe kó má gbè sẹ́yìn ọmọ rẹ̀."

Ó fa bébà tuntun jáde. Kareemat dìde lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú, ó yí tábìlì po, ó wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ Láídé. Kò dúró síbẹ̀ rí láti ọdún mẹ́fà. Ó fi ìka kan òkè bébà náà pátápátá, níbi tí kò sí nǹkan kan.

"Tèmi ni kẹ́ ẹ kọ síbí," ló wí. "Èmi ni mo bí i. Ilé mi ni ọlọ́pàá kọ́kọ́ yà lọ́jọ́ náà, èmi ni mo kọ́kọ́ sẹ́ ẹ."